Olùdarí Tó Fòfin De “Díẹ̀”

Ẹ̀yin èèyàn mi, oríṣiríṣi ebi ló ń pa ọmọ aráyé. Ebi oúnjẹ ń pa ẹlòmíràn, ebi oorun ń pa ẹlòmíràn. Èyí tó ń pa Adétòkunbọ̀ Bíyìí, ará Cypress lẹ́bàá Houston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ebi oyè ni, kò sì yó rí. Ẹ forí jì mí pé mo dárúkọ rẹ̀ bí ẹnì kan ṣoṣo báyìí. Ó ti kọ ọ́ sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ Olùdarí Àgbà, “wọ́n” ni kó máa lò, ì báà jẹ́ lójú, ì báà jẹ́ lẹ́yìn. Èmi kì í rú òfin. Láti ibí lọ, “wọ́n” ni.

Orúkọ wọn ní kíkún ni Alàgbà Dókítà Ẹnjiníà Olóyè Adétòkunbọ̀ Bíyìí, Olùdarí Àgbà àti Baba Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Sharpstown àti agbègbè rẹ̀. Ẹnjiníà yẹn jẹ́ òótọ́. Baytown ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Dókítà, ilé-ìwé kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi ránṣẹ́ sí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti Olóyè, n kò mọ ìlú tó fi wọ́n jẹ ẹ́, ó sì jọ pé ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń darí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, láàárín ṣọ́ọ̀bù oní-táyà àti ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé máa ń wá síbẹ̀ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibi iṣẹ́, fún wákàtí kan ààbọ̀. Àjọ àánú kan ló ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Inúolúwa ló ń kọ́ wọn, ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Mọ́pẹ́ wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìyá Kíkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìkìrun, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nílé, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì béèrè Gẹ̀ẹ́sì ju “good morning” lọ. Nígbà tó wá bá Kíkẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Houston, ọdún kan gbáko ló fi jókòó nínú apartment tó ń wo ògiri. Ògiri náà ń wo òun náà. Nígbà tó wá ríṣẹ́ sí sítọ́ọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, tí kò jìnnà, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí káńpẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ìdánwò oṣù mẹ́ta ni. Bó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, ó di ọwọ́ ògiri, Mọ́pẹ́ sì bẹ̀rù ògiri yẹn ju ohunkóhun lọ láyé.

Ní Sátidé kan, Inúolúwa gbé páálí ìbọ̀wọ́ kan àti ife omi kan sórí tábìlì.

“Mummy Kíkẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ìbọ̀wọ́ bá kéré, ṣùgbọ́n tó ṣì máa tó wa lò, ‘a few’ ni. ‘We have a few gloves.’ Díẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ tán, tí àyà yín ti ń já, ẹ yọ ‘a’ yẹn kúrò. ‘We have few gloves.’ Díẹ̀ ló kù.”

“Háà! ‘A’ lásán yìí náà?”

“Òun náà ni, mà. Tó bá jẹ́ ohun tí a ò lè kà lẹ́yọ lẹ́yọ, bí omi, ‘little’ la ó lò. ‘A little water,’ díẹ̀ ṣì wà. ‘Little water,’ díẹ̀ ló kù, ẹ tètè lọ wá òmíràn.”

“Òyìnbó mà le o,” ni Mọ́pẹ́ wí. “Ẹyọ lẹ́tà kan ni wọ́n fi pààlà láàárín ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìjáyà.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é tẹ̀ lé Inúolúwa: “We have few gloves. We have little water.” Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Olùdarí Àgbà wọlé nínú agbádá funfun, tí Fìyìnfólúwa akọ̀wé wọn sì gbá ìdí agbádá náà mú kó má baà kan ilẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá wọlé, ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n kọjú sí ògiri tí wọ́n lẹ oyè wọn mọ́, wọ́n sì kà á lákàtúnkà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹnì kan bá kà á láì rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo wọn ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ogún ìṣẹ́jú ló gbà lọ́jọ́ náà, torí bàbá kan ń wúkọ́.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Olùdarí Àgbà ò jókòó. Ojú wọn ti le.

“Ta ló ní kí ẹ máa ṣépè fún ara yín?”

Wọ́n na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

“Láti ìta oní-táyà ni mo ti ń gbọ́ ọ! ‘Few! Little!’ Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi bàálù kó wá sí ilẹ̀ ọ̀pọ̀! Lórí ahọ́n ni ikú àti ìyè wà. Ẹni tó bá ń pe díẹ̀, díẹ̀ á gbọ́, á sì wá bá a nílé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀! Nígbà tí èmi Adétòkunbọ̀ dé Houston lọ́dún 1985, àpótí kan ni mo ní, pẹ̀lú ṣòkòtò méjì. Àwọn òyìnbó bi mí pé báwo ni ẹrù mi ṣe pọ̀ tó. Ẹ bi mí ní ohun tí mo sọ.”

“Kí lẹ sọ, sà?” ni Fìyìnfólúwa bi wọ́n kíá.

“Plenty!”

Fìyìnfólúwa pàtẹ́wọ́. “Chai! Baba Èdè! Na you get English!”

Inúolúwa gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gírámà lásán ni. Àwọn ọ̀gá wọn máa ń bi wọ́n níbi iṣẹ́ pé mélòó ló kù.”

“Ọmọ mi, ìwọ mọ gírámà, èmi mọ Ọlọ́run. Nínú àwa méjèèjì, ta ló ní òǹtẹ̀?”

Inúolúwa kò ní òǹtẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àṣẹ tuntun ti wà lára ògiri. Wọ́n fòfin de “few”, “little”, “not enough” àti gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn, nínú kíláàsì àti níbi iṣẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. “Plenty”, “abundant” àti “overflow” nìkan ló gbọ́dọ̀ máa jáde lẹ́nu. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Òǹtẹ̀ méjì ló wà lára ìwé náà.

Mọ́pẹ́ kò fi gbogbo ara gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i kì í sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. “Iyọ̀ ń bọ̀” ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ. Ohun tí èèyàn bá mu mọ́ ọmú, ó ṣòro láti fi Gẹ̀ẹ́sì wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ní ọ̀sán Fúráìdè, Miss Denise tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Ó bi í pé ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún àwọn arúgbó tí omi lásán máa ń há lọ́nà ọ̀fun, ṣé ó máa tó títí di Mọ́ńdè. Mọ́pẹ́ bojú wo pẹpẹ. Agolo kan ló wà níbẹ̀, kò sì kún. “Little” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí èpè. Ó rántí òǹtẹ̀ méjì. Ó gbé e mì.

“Plenty, ma. Overflow.”

Miss Denise ní ó dáa, ó sì lọ sílé.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ìyẹ̀fun tán. Arúgbó mẹ́sàn-án ló jókòó pẹ̀lú ètè gbígbẹ títí aago mọ́kànlá fi kọjá, kí ẹnì kan tó wakọ̀ gba freeway lọ wá òmíràn bọ̀. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kan sunkún omi bí ọmọdé, wọ́n sì sọ fún Mọ́pẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó dùn ún wọnú egungun.

“Mi ò sọ pé o ò ṣiṣẹ́,” ni Miss Denise sọ fún un. “O ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ bá sọ nǹkan kan, tí pẹpẹ sọ òmíràn, èwo ni kí n gbà gbọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo máa tún bi ọ́ léèrè. Tí ohun tí o bá sọ ò bá tún rí bẹ́ẹ̀, máà bínú, mi ò ní lè gbà ọ́.”

Inúolúwa mú Mọ́pẹ́ lọ bá Olùdarí Àgbà ní ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ka oyè, wọ́n sì ro ẹjọ́. Olùdarí Àgbà fetí sí i pẹ̀lú ojú dídì.

“Ìyá Kíkẹ́, báwo lo ṣe pè é fún òyìnbó yẹn? Pè é kí n gbọ́.”

“Plenty, sà.”

Wọ́n la ojú, wọ́n sì yíjú sí Inúolúwa. “Ṣé o gbọ́? Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹni tó bá fi ohùn rírọ̀ pe ọ̀pọ̀, báwo ni ọ̀pọ̀ ṣe fẹ́ gbọ́? Ẹ̀bi tirẹ̀ ni.”

“Sà, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn,” ni Inúolúwa wí.

“Iṣẹ́ plenty ní Houston.” Wọ́n ṣí ìwé mìíràn. “Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àwọn àjọ àánú ń bọ̀ wá wò wá, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe Olùdarí gbogbo Texas. Fìyìn! Àga mélòó la ní?”

Fìyìnfólúwa yọjú wo kíláàsì. Àga mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní ẹsẹ̀ kẹrin.

“Plenty, sà.”

“Omi ńkọ́?”

Páálí omi kan ṣoṣo ni. “Overflow, sà.”

“AC?”

AC náà ti ń sunkún sínú korobá láti oṣù kẹfà. “Abundant, sà. Ọ̀gá, everything don set.”

Olùdarí Àgbà rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá fòfin de ìròyìn burúkú, ìròyìn rere nìkan ló máa ń gbọ́. Ìjọba tó rọrùn ni, títí àlejò á fi dé.

Ọgọ́ta àlejò ló dé, ní aago kan ọ̀sán, nínú oṣù kẹjọ, ní Houston. Ẹni tó mọ Houston mọ̀ pé mi ò ní láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́tàlá jókòó. Ẹnì kan fi ìdí lélẹ̀ lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì tún dìde. Àwọn tó kù fara ti ògiri. Àga Olùdarí Àgbà nìkan gba ààyè èèyàn mẹ́ta. Wọ́n ti fi oyè mẹ́rin kún ti tẹ́lẹ̀, kíláàsì sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí bí àwọn ṣe jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Miss Denise wà nínú àwọn tó dúró, ó ń fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀.

Mrs. Whitaker ni olórí àjọ àánú náà, obìnrin tín-ín-rín tó ní ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó dúpẹ́, ó sì ní òun á fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Olùdarí Àgbà wo yíká, wọ́n sì na ọwọ́ sí Mọ́pẹ́, torí gèlè rẹ̀ ló ga jù. Wọ́n sọ fún un ní Yorùbá, tí ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu wọn: “Ìyá Kíkẹ́, plenty o! Fi ohùn sí i lọ́tẹ̀ yìí.”

Mọ́pẹ́ jáde síwájú. Mrs. Whitaker bi í pẹ̀lẹ́tù pé ṣé wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n nílò níbí.

Mọ́pẹ́ rí Miss Denise lára ògiri, tó tẹjú mọ́ ọn. Bí òun bá ní “plenty”, Miss Denise á ka àga wọ̀nyẹn, á sì mọ̀ pé ẹnu ìjelòó ò tíì yí padà. Bí òun bá sọ òótọ́, Olùdarí Àgbà á lé òun kúrò níbí. Bẹ́ẹ̀ ló rántí bàbá tó sunkún omi, ó sì rántí ògiri nínú apartment Kíkẹ́. Mo ti sọ fún yín pé ògiri yẹn ló bẹ̀rù jù.

“Ma,” ló wí, “we have a few chairs.”

Olùdarí Àgbà mirí sí i. Wọn ò tíì gbọ́ ọ dáadáa.

“We have little water. For sixty people, very little.” Ohùn rẹ̀ ń le bọ̀. “We have one teacher. She is very good. But we don't have enough time, ma, because there are too many titles, and there is too much talking.”

AC ń kán tó, tó, sínú korobá. Miss Denise ti gbàgbé láti máa fẹ́ ara rẹ̀.

Olùdarí Àgbà fò dìde. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí, pé obìnrin náà ṣi ara rẹ̀ gbọ́ ni.

Mrs. Whitaker yíjú sí wọn. Ó bi wọ́n pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n ní.

“Plenty.”

Mélòó ló ti ríṣẹ́ láàárín ọdún yìí?

“Overflow.”

Ṣé iye kan wà tí òun lè kọ sílẹ̀?

“Madam, a kì í ka ìbùkún.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì burú ju ti Yorùbá lọ.

Mrs. Whitaker ò kọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni òógùn bo Olùdarí Àgbà, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àgbà Yorùbá ṣe máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e sókè. Á ní, “Mo ti ṣe díẹ̀ fún àwọn èèyàn yìí. Díẹ̀ nínú wọn lè jẹ́rìí pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ iyì ni lédè wa. Olùdarí Àgbà gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì:

“Madam, I have done little for these people. Few of them can say that I helped them.”

Yéè! “A” dà? Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ “a”, Baba Èdè ló dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Gbogbo kíláàsì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí Mọ́pẹ́ dé orí bàbá tó ń wúkọ́, torí gbogbo wọn ló yé. Ìyẹn nìkan ti tó fi mọ̀ pé Inúolúwa mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mrs. Whitaker wò wọ́n pẹ̀lú àánú. Ó ní òun dúpẹ́ pé wọ́n sọ òótọ́. Ó wá ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Olùdarí Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n rò pé Texas ti bọ́ sápò àwọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́tà dé. Àjọ àánú ní, gẹ́gẹ́ bí Olùdarí ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ níwájú ọgọ́ta èèyàn pé òun kò ṣe nǹkan kan tó tó nǹkan, àwọn fara mọ́ ọn, àwọn sì dúpẹ́ fún ìwà òótọ́ rẹ̀. Inúolúwa ni yóò máa darí ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ọ̀la lọ. Fìyìnfólúwa ló kọ́kọ́ dé ìdí ògiri láti já oyè kúrò. Ó ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lojú ti ń ti òun láti máa kà á. Níwọ̀n ìgbà tí òfin sì ti wó, ẹ jẹ́ kí n sinmi: láti ibí lọ, “ó” ti tó o.

Kí lẹ́tà yẹn tó dé rárá, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ àlejò, Miss Denise wá sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Ó bi Mọ́pẹ́ nípa ìbọ̀wọ́.

“Few, ma. Three boxes. Not enough for the week.”

Miss Denise wọlé, ó sì ka páálí náà fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ni. Ó yọ ìwé tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ látinú àpò, ó gbé e lé pẹpẹ, ó sì fọwọ́ sí i. Ó wá fa kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yọ lára tirẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Mọ́pẹ́. Mọ́pẹ́ ní “thank you” lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún ayọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ dún nígbà tó ń jẹun ọ̀sán. Bíyìí ni. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ìyá Kíkẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara ọmọ wa Kíkẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìwé kan tí mo ń gbé kiri, ti àwọn tó fẹ́ kí n padà sórí oyè. Mo ní kí ẹ bá mi fọwọ́ sí i.”

Àánú rẹ̀ ṣe Mọ́pẹ́ lóòótọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ẹ kú wàhálà, sà. Èèyàn mélòó ló ti fọwọ́ sí i?”

Mọ́pẹ́ gbọ́ bí Bíyìí ṣe ń ṣí ìwé náà.

“Few,” ló wí.

Mọ́pẹ́ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, bóyá “a” kankan wà níwájú rẹ̀. Kò sí.